Aṣọ Ìdọ̀tí Kì í Sùn Nílé Alágbàfọ̀

Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé Alágbàfọ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rú u: aṣọ ìdọ̀tí kì í sùn níbẹ̀. Ìbáà jẹ́ aṣọ dókítà, ìbáà jẹ́ ti ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, tó bá ti wọ ilé yẹn, inú omi ló ń lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ ló ṣòfin, ṣùgbọ́n ìyàwó ló ń pa á mọ́ jù. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àlejò bá sùn lọ lórí àga nílé Alágbàfọ̀, ìhòòhò ni yóò jí. Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn. Èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí mọ ibi tó ń gbé wa lọ, ara mi kò sì balẹ̀.

Ẹgbẹ́ Aláró ni ọkùnrin náà fẹ́ràn jù láyé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí aṣọ wọn dúdú bí aró. Òun ló ń fọ jẹ́sì wọn, òun ló ń lọ̀ ọ́, àbúrò rẹ̀ tó tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú ló sì ń wọ nọ́ńbà kẹsàn-án. Ẹlẹ́sẹ̀-ayò ni gbogbo èrò pápá ń pe àbúrò yìí, nítorí pé ní ọdún tó kọjá, bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ẹ́, inú àwọ̀n ló ń bá a. Lọ́dún yìí, orúkọ náà ti di èébú. Bí bọ́ọ̀lù kò bá lu òpó, á lu igi òkè. Bí aṣọ́lé wọn bá gbá bọ́ọ̀lù mú, á tún yọ̀ bọ̀rọ́ jáde lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ. Wọ́n ti jìyà nílé, wọ́n ti jìyà lájò, wọ́n wà nísàlẹ̀ líìgì bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ báàfù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ló kù, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Funfun. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n yè é. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n já sí ìsọ̀rí kejì nìyẹn, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà sì ti búra pé òun á tú u ká, kí olúkúlùkù máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-ayò kò sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, kò ní bàbá tó máa lọ bá. Alágbàfọ̀ ni bàbá rẹ̀.

*

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n tún nà wọ́n nílé ara wọn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Alágbàfọ̀ da jẹ́sì sínú báàfù, ó ń fọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Alágbàfọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi ojú nìkan wo aṣọ, àtàǹpàkò ló fi ń wò ó. Á tọ ojú rírán, á yẹ inú ọrùn aṣọ wò, nítorí pínnì kékeré kan tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ lè ya gbogbo aṣọ. Ibi tó ti ń tọ ọrùn jẹ́sì kẹsàn-án ni kókó kan ti kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ó tú ojú rírán náà. Òwú dúdú kan bọ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n tún ta á ní kókó léraléra. Kì í sì í ṣe òwú nìkan. Irun orí èèyàn wà nínú rẹ̀, irun kúkúrú tó ká kò, Alágbàfọ̀ sì mọ irun náà bó ṣe mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ló ń fọ orí tí wọ́n ti gé e láti kékeré. Nígbà tó tún bojú wo báàfù, omi tó mọ́ nígbà tó ń pọn ọ́n ti dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ sì rèé, jẹ́sì Aláró kì í ṣí láti ọjọ́ tó ti ń fọ̀ ọ́.

Orí rẹ̀ wú. Ó sá lọ sídìí èédú tó ń jó, ó sọ òwú náà sí i. Ó ké ṣíí bí ìgbà tí omi bá kan irin gbígbóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan, títí ìyàwó rẹ̀ fi pariwo láti ẹ̀yìn pé kí ló ń jóná. Ó ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n nǹkan wà. Irun kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lórí lọ sínú ọrùn aṣọ. Ẹni tó ń gé e ló mọ ibi tó ń kó o sí.

*

Ẹni tó ń gé e kò jìnnà. Òdìkejì títì gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ wà, àwòrán ẹgbẹ́ Funfun ló sì kún ara ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Òun àti Alágbàfọ̀ ti ń bá ara wọn jiyàn bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí àwọn méjèèjì. Ẹlẹ́sẹ̀-ayò fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò sẹ́lòmíì tó ń jẹ́ kó fọwọ́ kan orí òun. Alágbàfọ̀ kò rí ibi kankan nínú rẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí i.

Ó rí i bí Onígbàjámọ̀ ṣe gé irun Ẹlẹ́sẹ̀-ayò tán lọ́sẹ̀ yẹn, tó gbálẹ̀, tó sì dúró. Ó bojú wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa díẹ̀ nínú irun náà, ó pọ́n ọn sínú bébà, ó kì í bọ àpò àyà. Alágbàfọ̀ ń wò ó láti ibi tó dúró sí lẹ́yìn okùn ìsáṣọ. Kò pẹ́ sígbà náà, Onígbàjámọ̀ sọdá wá kí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè ara ilé, ó béèrè ara iṣẹ́. Ó wá ń wo àwọn jẹ́sì tó wà lórí okùn.

"Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́sì àbúrò wa ńkọ́? Ṣé o ti fọ̀ ọ́?"

Alágbàfọ̀ ní òun ti fọ̀ ọ́. Ojú Onígbàjámọ̀ yí padà, bí ẹni tí egungun há lọ́nà ọ̀fun. Ó yí ẹ̀yìn, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní ti Alágbàfọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Olè ló bi í léèrè bóyá ó ti rí ẹrù tó jí.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n ti di ẹsẹ̀ àbúrò òun, wọ́n ti di gbogbo ẹgbẹ́ náà. Obìnrin náà ń ká ṣòkòtò lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá ilé, ṣé kò lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ yín kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni?"

Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó wá fi ṣòkòtò sílẹ̀, ó rọra bá a sọ̀rọ̀ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pé ohun yòówù kó máa rò, kó fi mọ sí ọkàn. Ó dá a lóhùn pé òun ti gbọ́. Irọ́ ló pa. Etí ló gbọ́, inú kò gbọ́.

*

Ilé Ìyá Ato-eegun ló gbà lọ, ìyá arúgbó tó ń to eegun tó bá ṣẹ́. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ ilé náà. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti gbé wọ ibẹ̀ tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde. Ẹlẹ́sẹ̀-ayò pàápàá, nígbà tó já bọ́ láti orí òrùlé lọ́mọdé, ìyá yìí ló to ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ sókè ni pé ẹni tó mọ bí eegun ṣe ń so pọ̀ kò lè ṣàìmọ bó ṣe ń tú ká.

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ṣe ni inú yàrá náà ṣú. Pákó tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ wà ní gbígbékọ́ lára ògiri, àwọn kan gùn bí itan àgbà, àwọn mìíràn kò ju apá ọmọ ọwọ́ lọ. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń kan ara wọn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ìyá náà kò wo ojú àlejò rẹ̀. Orókún rẹ̀ ló ń wò. Alágbàfọ̀ ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ òwú, ọ̀rọ̀ irun, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tó fẹ́ túká. Ó wá sọ ohun tó bá wá. Ẹgbẹ́ Funfun ní agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní Àfẹ́ẹ́rí, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ìkẹwàá. Bí o bá rí i níwájú rẹ, ẹ̀yìn rẹ ló wà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Aláró ti tán.

"Mi ò ní kó ṣẹ́ o, ìyá," ó sọ kíákíá. "Kó ṣáà wúwo títí rẹfirí á fi fọn fèrè."

Ìyá náà dìde. Ó wọ kọ̀rọ̀ lọ, ó padà pẹ̀lú ẹ̀bu oògùn dúdú nínú ìkarahun ìgbín, òórùn rẹ̀ dà bíi ti irin tí òjò pa.

"Ọrùn aṣọ rẹ̀ ni kó o lọ̀ ọ́ mọ́. Ìdè mi kò mọ orúkọ, kò mọ ojú. Aṣọ ló mọ̀. Òógùn ara ló ń jí i. Ẹni tó bá làágùn sínú aṣọ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo. Tó bá tètè bọ́ ọ, á fúyẹ́ padà. Ṣùgbọ́n tí òógùn bá gbẹ mọ́ ọn lára, ó di tirẹ̀ nìyẹn."

"Kò ní gbẹ, ìyá. Bí eré bá ti parí, wọ́n á bọ́ jẹ́sì."

"Kò burú. Tí ọ̀rọ̀ bá wá yí, gbé aṣọ náà wá fún mi bí wọ́n ṣe bọ́ ọ, tòun ti iyọ̀ òógùn tó wà lára rẹ̀. Inú iyọ̀ yẹn ni mo ti ń rí ojú okùn tí màá tú. Tí kò bá sí iyọ̀, èmi náà ò ríran."

Ó béèrè pé báwo ni òun ṣe máa rí aṣọ Àfẹ́ẹ́rí, ẹni tí òun kò bá jẹun rí. Ìyá náà ní aṣọ yóò wá bá a nílé. Ó béèrè ohun tí òun máa fún un. Ó ní òun kì í gba nǹkan kan lórí dídè, títo ni òun ń gba nǹkan lé lórí. Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó rò pé àwàdà àgbà ni. Ìgbà tó dé ìta ló tó rántí pé ìyá náà kò bá òun rẹ́rìn-ín.

*

Òjò kò yẹ kó rọ̀ lásìkò yẹn, gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ojú ọ̀run ṣú lójijì, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ Funfun rì sínú ẹrẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ ìlú bọ̀, omi wọ inú àpótí aṣọ wọn, ẹrẹ̀ sì bá a wọlé. Kò pẹ́, ọkùnrin tó ń tọ́jú aṣọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà Alágbàfọ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní wọ́n júwe ilé náà fún òun, pé wọ́n ní níbẹ̀, aṣọ ìdọ̀tí kì í sùn.

Ara Alágbàfọ̀ bù máṣọ. Ìyàwó rẹ̀ gba àpótí náà tayọ̀tayọ̀, ó ti ń po ọṣẹ kí ọkọ rẹ̀ tó dáhùn. Gbogbo jẹ́sì náà ni obìnrin náà fọ̀, ó kó wọn fún ọkọ rẹ̀ ní yàrá áyọ́ọ̀nù. Ọkọ fi irin lọ ti aṣọ́lé, ó lọ ti àwọn ará ẹ̀yìn. Nígbà tó kan nọ́ńbà kẹwàá, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó dúró. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, kò gbé e sílẹ̀. Ó rò ó pé ọmọ ìyá kan ni Àfẹ́ẹ́rí náà, pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń gbàdúrà lé ẹsẹ̀ yẹn. Ó sì tún rántí ojú àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ìyà ọjọ́sí, bó ṣe jókòó lórí báàfù tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni mo fẹ́ máa jẹ́ tí mi ò bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́?" Ó ṣí ìkarahun ìgbín, ó bu ẹ̀bu sínú ọrùn aṣọ, ó gbé irin gbígbóná lé e.

Èéfín tó jáde níbẹ̀ kò lọ sókè bí èéfín ṣe ń ṣe. Ilẹ̀ ló ń wá. Apá jẹ́sì náà gbéra sókè lórí tábìlì, ó ṣubú padà, ó wé mọ́ ọrùn ọwọ́ Alágbàfọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá di èèyàn mú. Ó já a kúrò, ó bojú wo fèrèsé. Nínú òjò yẹn, Onígbàjámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì, síṣọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Kò ṣẹ́jú, kò sì juwọ́ sí i.

*

Ọjọ́ eré pé. Èrò kún pápá débi pé àwọn kan jókòó lórí ẹ̀ka igi. Alágbàfọ̀ dúró níbi tó máa ń dúró sí lẹ́yìn òpó. Ìbẹ̀rẹ̀ kò dára. Òógùn kò tíì mú Àfẹ́ẹ́rí nígbà tó gba bọ́ọ̀lù, ó yọ̀ mọ́ ẹni méjì lọ́wọ́, ó gbá a sáwọ̀n. Àwọn ará Funfun fò sókè. Onígbàjámọ̀ wà láàárín wọn, òun nìkan ni kò fò.

Oòrùn wá mú. Ọrùn jẹ́sì Àfẹ́ẹ́rí bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Alágbàfọ̀ rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá itan, ó tún sáré, ṣùgbọ́n ṣe ló ń fà á bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Rẹfirí fún ẹgbẹ́ Funfun ní pẹnáàtì, òun ló sì máa gbá a. Ó sáré wá, ẹsẹ̀ tó fi dúró yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù gba òkè òpó lọ, ó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run. Àwọn èrò Aláró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Alágbàfọ̀ kò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ti gbé ọwọ́ lérí, Ẹlẹ́sẹ̀-ayò gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá. Kò sí oògùn nídìí èyí, ẹ gbà mí gbọ́. Ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe lọ́dún tó kọjá: ó gé e sọ́tùn-ún, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tí Ìyá Ato-eegun tò jó o wálẹ̀, ó fi í sí kọ̀rọ̀ àwọ̀n ibi tí ọwọ́ aṣọ́lé kò lè dé. Ilẹ̀ mì. Rẹfirí fọn fèrè, wọ́n ta ọ̀mì, Aláró yè é. Alágbàfọ̀ wólẹ̀ lẹ́yìn òpó, ó ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀, kò mọ ohun tó ń lọ lórí pápá mọ́.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù láyé ló mọ̀ pé bí eré tó dùn bá parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù a máa bọ́ jẹ́sì fún ara wọn. Alágbàfọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè jẹ́sì Aláró. Ta ló fẹ́ gbé aṣọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ sílé? Ó ti pẹ́ tí ìyà ti ń jẹ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé pé wọ́n ń ṣe é.

*

Ọjọ́ ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbé Ẹlẹ́sẹ̀-ayò dé ilé. Wọ́n ti gbé e sórí èjìká yí gbogbo àdúgbò ká, ó ti jó, ó ti làágùn, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ sì ti fẹ́ sí i lára. Alágbàfọ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní ṣíṣí. Ó rí aṣọ tó wọ̀. Funfun ni. Àbúrò rẹ̀ yí padà kó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, nọ́ńbà kẹwàá.

"Àfẹ́ẹ́rí fúnra rẹ̀ ló béèrè tèmi," ó sọ, ayọ̀ kún ẹnu rẹ̀. "Ó ní èmi ni mo gbá bọ́ọ̀lù jù lórí pápá. Bọ̀ọ̀dá mi, kò sẹ́ni tó béèrè jẹ́sì mi rí."

"Bọ́ ọ," Alágbàfọ̀ wí. "Bọ́ ọ kíákíá."

Àbúrò náà rò pé ọ̀rọ̀ òfin ilé ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní lónìí nìkan, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi í sùn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kó lè gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ náà kò tẹ̀ lé e. Ó tún gbé e. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Wọ́n gbé e wọlé, Alágbàfọ̀ fa jẹ́sì náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbẹ. Ó le gan-gan bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí, ìlà iyọ̀ funfun sì wà yípo ọrùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi inú ìkòkò.

Onígbàjámọ̀ já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan orókún náà, ó wá gbójú sókè.

"Òwú tí mo rán sí ọrùn jẹ́sì rẹ̀ dà?" ó béèrè. "Nígbà tí èpè àwọn èrò yín pọ̀ jù lórí ọmọ yìí ni mo fi irun orí rẹ̀ ṣe ìṣọ́ra fún un. Ó sùn lọ lórí àga mi, mo sì rán an síbẹ̀. Kò sí ìdè tó lè kọjá òwú yẹn wọ ara rẹ̀, aṣọ yòówù kó wọ̀. Nígbà tí o ní o ti fọ jẹ́sì náà, ẹ̀rù bà mí pé ọwọ́ rẹ ti kan òwú yẹn, mo ti ń wá ọ̀nà láti ṣe òmíràn. Ọ̀rẹ́, kí lo fi òwú mi ṣe?"

Alágbàfọ̀ ti sá jáde.

Ó sáré gba àárín àwọn tó ń jó pé Aláró yè é, wọ́n ń na ọwọ́ sí i, wọ́n ń pe oríkì àbúrò rẹ̀ sí i létí. Ìyá Ato-eegun jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó dà bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀. Ó ti gbé pákó kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, èyí tó gùn tó itan àgbà. Alágbàfọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ń wọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tí mo fi ọwọ́ mi tò," ìyá náà wí jẹ́jẹ́. "Ṣé o gbé aṣọ náà wá?"

Ọwọ́ òfìfo ló gbé wá. Ìdààmú kò jẹ́ kó rántí. Ìyá náà ní kó dìde, pé kò tíì bọ́, pé bí iyọ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀, òun á rí ojú okùn náà, ọmọ á rìn. Kó ṣáà lọ gbé e wá bó ṣe wà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti dúpẹ́. Gbogbo bó ṣe ń sáré padà, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló ń wí: bó ṣe wà, bó ṣe wà.

Ó dé ilé. Onígbàjámọ̀ ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀-ayò lórí ẹní, ọmọ náà sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun wo ibi tí ẹsẹ̀ òun wà, pé òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Kò sí nǹkan kan nílẹ̀ níbi tó sọ jẹ́sì sí. Wọ́n ti gbá a. Alágbàfọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń fi pẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn mú aṣọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. Jẹ́sì Àfẹ́ẹ́rí wà lórí okùn, ó funfun báláú nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, omi ń kán tó, tó, tó lára rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun tún lè ṣe fún ọmọ náà, pé òun rí i bó ṣe fẹ́ràn aṣọ yìí tó, òun ní kí òun ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa fún un, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Alágbàfọ̀ rìn lọ bá aṣọ náà. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán ọrùn rẹ̀ yípo. Ó gbé imú sí i, òórùn ọṣẹ ni. Ó wá ya ẹnu, ó fi ahọ́n lá ọrùn aṣọ náà láti etí kan dé ìkejì, ó ń wá iyọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ó rọra béèrè bóyá ó ku ibì kan tí kò mọ́.